Ẹnu Baba Eléérú

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo dá mọ̀ nígbà tí mo dé Bruxelles ní Yúróòpù, ara ògiri ló wà. Wọ́n yà á sí ẹ̀gbẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga kan nítòsí ibi tí bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀ sí, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sí apá òsì, ọwọ́ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ó sì ń wo àwọn èrò ìsàlẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo eku. Òtútù ń ta mí létí. Mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo ní, "Baba Eléérú, ẹ̀yin nìyí?" Obìnrin kan tó ń kọjá wò mí, ó sì sún lọ sí òdìkejì títì. Ìkíni-káàbọ̀ tí mo rí gbà nìyẹn, ó sì pẹ́ kí n tó rí èyí tó sàn jù ú lọ.

N óò sọ bí mo ṣe mọ Baba Eléérú. Ará Lougba ni wá, ní ilẹ̀ Bantè, lápá ààlà tí Faransé jẹ́ èdè ilé ìwé, níbi tí a ti ń sọ Isha, èdè tí ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá yìí yóò gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ tí ẹ bá fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n Savalou ni mo dàgbà sí, láàárín àwọn Mahi, nítorí ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣe olùkọ́ ní ilé ìwé àwọn Kátólíìkì. Bàbá mi kì í na ọmọ nítorí ariwo. Faransé tí kò mọ́ ló máa ń mú un bínú. Tí ọmọ bá sọ Faransé tí Isha tàbí Mahi ń yọjú lábẹ́ rẹ̀, bàbá mi á fi ìka di etí, á ní, "Tún un sọ. Bí ènìyàn." Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe sí èmi ọmọbìnrin rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Mo lè tọrọ omi lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gbé ife fún mi.

Ó tún máa ń gba bédé lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bédé ni à ń pe àwọn ìwé ìtàn alàwòrán tó ti Yúróòpù wá, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí àpò tà lọ́jà Savalou, tí ojú ewé wọn ti ń já. Bàbá mi á tì wọ́n mọ́ inú àpótí kan nílé. Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí àpótí náà láìlo kọ́kọ́rọ́.

Inú wọn ni Baba Eléérú wà. Orúkọ rẹ̀ gan-an ní Faransé gùn, kò sì dùn-ún pè. Àwa ọmọdé la sọ ọ́ lórúkọ yìí. Nínú ìtàn náà, àwọn ará ìlú dáná sun ilé mọ́ ọn lórí nítorí ẹ̀sùn tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ó dìde láti inú eérú, ọrùn rẹ̀ ti yẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ti nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó sun ún mọ́lé pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í sáré. Akọni ìtàn náà ló máa ń sáré, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irun rẹ̀ kì í tú bó ti wù kí ìjà gbóná tó. Baba Eléérú á kàn rìn wọlé, á tẹ ọrùn sí òsì, á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Háà, ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Á sọ ọ́ títí ojú ewé á fi kún, á bi ẹni tí ó fẹ́ pa léèrè bóyá ó rántí òórùn ilé tó ń jó. Akọni ní tirẹ̀ kò mọ̀ ju "Dúró níbẹ̀!" lọ. Gbogbo wa mọ̀ pé ìkà ni Baba Eléérú. Ṣùgbọ́n ó lẹ́jọ́ í wí, ó sì mọ̀ ọ́n wí.

Lọ́jọ́ kan bàbá mi ká mi mọ́ ìdí àpótí. Mo ti ń retí ẹgba. Ó gba ìwé náà, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ka ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn.

"Ta ni ẹni yìí?"

"Aṣebi ni, Baba."

"Aṣebi ló ń sọ Faransé báyìí?" Ó jókòó ti àpótí, ó ń kà á lọ. "Akọni rẹ̀ wá ńkọ́?"

"Òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Baba."

"Mo rí i. Òpè ni."

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ Baba Eléérú ti di àpèkọ ní kíláàsì bàbá mi. Tí ó bá di alẹ́, á ní kí èmi náà dìde dúró nínú pálọ̀, kí n sọ ọ́ jáde láìwòwé. Màmá mi, tó jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí kò sì gbà pé kí wọ́n máa pe orúkọ ẹni tó ti inú iná jáde nínú ilé òun, á wọ yàrá lọ, á máa kọrin ìyìn sókè kó lè bò wá mọ́lẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo kàwé gboyè nínú lítíréṣọ̀. Bruxelles gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, sí ilé ìfọṣọ. Aṣọ ìbùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀ níbẹ̀, ooru ẹ̀rọ á mú wa láàárọ̀, òtútù ìta á gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá wa máa ń sọ Faransé sí mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ ní ògì. Bẹ́ẹ̀ ẹnu òun fúnra rẹ̀ kò mọ́. Tó bá jẹ́ ọwọ́ bàbá mi ló bọ́ sí, ì bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní Savalou, tí o bá kọjá níwájú ilé ènìyàn láìkí wọn, wọ́n á ránṣẹ́ sílé yín láti bèèrè ohun tó ṣe ọ. Ní Bruxelles, mo kí àwọn tí a jọ ń gun àtẹ̀gùn kan náà títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Ọ̀kan dáhùn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, ó ní òun gbọ́ pé mo ń gún nǹkan lọ́jọ́ Àìkú, ṣé nǹkan kan ló bàjẹ́ ni. Lóòótọ́ ni mo ń gún nǹkan. Mo ti rí iṣu rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Kóńgò, iṣu tí ẹnikẹ́ni ní Tchetti, ìlú oníṣu ẹ̀gbẹ́ wa, kò ní fún ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ, mo sì fi ìsàlẹ̀ ìgò gún un nínú ìkòkò. Iyán náà ní kókó. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì sùn bí ọmọ ọba. Kí ẹ má baà rò pé gbogbo ọjọ́ ni mo ń sunkún.

Màmá mi máa ń pè ní ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màmá."

"Wòlíì rí ọ lójú ìran. Ó ní o dúró síbi tí omi ti ń hó."

"Ilé ìfọṣọ ni, Màmá. Mo ti sọ fún yín."

"Òun kò mọ̀ pé mo ti gbọ́. Ó kàn rí i ni. Bàbá rẹ nìyí."

Bàbá mi kì í bèèrè oúnjẹ. Ojú rẹ̀ ti fọ́ kí n tó kúrò nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òkùnkùn díẹ̀ léti ojú, a gbé e kiri ilé ìwòsàn, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Òun tó ń kàwé títí àtùpà á fi kú wá di ẹni tó ń jókòó ti rédíò láti òwúrọ̀. Etí ló kù fún un, ó sì di alágídí etí. Á gbọ́ ẹni tó ń ka ìròyìn, á ní, "Ẹni yìí kò kàwé." Nígbà tí ó bá gba fóònù lọ́wọ́ màmá mi, á ní kí n sọ ohun kan ní Faransé kí òun gbọ́ bóyá wọ́n ti ba ẹnu mi jẹ́ níbẹ̀.

Ilé ìfọṣọ yẹn ni mo ti bá iṣẹ́ fíìmù pàdé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Odile, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ funfun, máa ń gbé àwọn aṣọ kàǹkà-kàǹkà wá fún wa, tí awọ àti irun lẹ̀ mọ́ lára. Òun ló ń rán aṣọ àwọn ẹ̀dá abàmì inú fíìmù. Lọ́jọ́ kan ó fi àwòrán ẹ̀dá náà han ọ̀gá wa, kí a lè mọ ibi tí a kò gbọdọ̀ fi omi gbígbóná kàn. Mo yọjú wò ó láti ẹ̀yìn.

Mo ní, "Ọrùn Baba Eléérú nìyẹn."

Ọ̀gá wa ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Odile ní kí n dúró. Ó bi mí léèrè ẹni tí mo pè bẹ́ẹ̀, mo sì dá orúkọ gígùn náà fún un ní Faransé, mo sọ ìwé tó ti kọ́kọ́ jáde àti bí wọ́n ṣe dáná sun ún mọ́lé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ga. Nílé, igi ọ̀pẹ ni wọ́n ń pè mí láti fi bú mi. Ó ní, "Ṣé o lè rìn bí i tirẹ̀?" Mo gbé aṣọ ìbùsùn tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo sì rìn láàárín àwọn ẹ̀rọ, láìkánjú, ọrùn sí òsì. Àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Odile kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wọ inú ẹ̀dá abàmì nìyẹn, nínú fíìmù ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ń ṣe fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ti ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ti fi ẹ̀yìn pa. Kò sẹ́ni tó rí ojú mi níbẹ̀ rí. Wọ́n á kan awọ náà mọ́ mi lára, wọ́n á gbé orí rẹ̀ dé mi, wọ́n á dè é láti ẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé bí ilé bá ń jó, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ tú mi sílẹ̀. Ihò ọ̀fun rẹ̀ ni mo ti ń ríran. Ẹnu rẹ̀ tóbi, eyín rẹ̀ pọ̀ bí eyín ayùn, kì í sì í sọ ohunkóhun.

Odile lẹ àwòrán àwọn ẹ̀dá abàmì mọ́ gbogbo ògiri yàrá ìránṣọ rẹ̀, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, láti inú fíìmù ní orílẹ̀-èdè gbogbo. Nígbà tí a bá ń jẹun ọ̀sán, a máa ń fi wọ́n ṣeré. Èyí tó ń yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí kì í sáré síbẹ̀ tó máa ń bá ẹni tó ń sáré: ẹsẹ̀ Baba Eléérú ni. Èyí tí apá rẹ̀ kan gùn dé orúnkún: ọwọ́ rẹ̀ ni. Èyí tó máa ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kó tó pa ènìyàn, bí ẹni tó gbọ́ orin: gbogbo ayé ti jí ọrùn yẹn lò. Odile ní àwọn tó ń ya ẹ̀dá fún fíìmù, ọmọ tó ń ka bédé lábẹ́ tábìlì ni gbogbo wọn jẹ́ nígbà kan, ohun tó dẹ́rù bà wọ́n nígbà yẹn ni àwọn náà fi ń dẹ́rù bani.

Mo ní, "Ẹnu rẹ̀ wá ńkọ́? Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó mú ẹnu rẹ̀?"

Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Nítorí pé tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá sì gbọ́ ọ, wọn ò ní fẹ́ kí wọ́n pa á ní ìparí. Àwa ń fẹ́ ohun tí a lè pa."

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi délé. Mo ronú sí i lọ́jọ́ kejì nínú bọ́ọ̀sì, bí àyè ṣe ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí àwọn kan sì dúró. Wọ́n mú ọrùn, wọ́n mú ọwọ́, wọ́n mú ẹsẹ̀ tí kì í kánjú. Èmi náà, kí ni wọ́n mú lára mi? Gíga mi. Àyà mi tó lè fara da ooru, nítorí wọ́n ní ó ti mọ́ àwa ará ilẹ̀ olóoru lára. Ohun tí bàbá mi fi gbogbo ọdún rẹ̀ kọ́ mi, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ó dùn mí ju ilé ìfọṣọ lọ, nítorí níbẹ̀ ó kéré tán kò sí ẹni tó ní iṣẹ́ ọnà ni òun ń fi mí ṣe.

Lọ́jọ́ kan mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, mo rí ọmọkùnrin kékeré kan tó gbá bèbí ẹ̀dá yẹn mọ́ àyà. Wọ́n ti ń fi rọ́bà ṣe é tà. Ọrùn rẹ̀, ìdúró mi. Mo rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ fà á sẹ́yìn, ó dì í lọ́wọ́ mú gírígírí títí mo fi kọjá. Ọmọ ń fi ẹnu ko ẹ̀dá abàmì lẹ́nu, ìyá ń fi ọmọ pa mọ́ fún ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mo san owó ọṣẹ mi, mo lọ.

Nílé, màmá mi ti kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń ṣe fíìmù ní Yúróòpù. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá a wá a jáde sórí fóònù. Ó pè mí.

"Mo wò ó tán. N kò rí ọ."

"Ẹ rí mi, Màmá. Èmi ni mo wà nínú ẹranko yẹn."

Mo ń gbọ́ àwọn adìẹ lẹ́yìn ilé wa.

"Inú rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Obìnrin kì í wọ ẹ̀kú."

"Màmá, ẹ̀yin ọmọ ìjọ aláṣọ funfun lẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kú eégún?"

"Ṣé nítorí pé mo wọ aṣọ funfun ni mo ṣe gbàgbé ibi tí wọ́n ti bí mi? Gbààwẹ̀. Má jẹun títí di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá rẹ nìyí."

Bàbá mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n sọ bó ṣe ń rìn fún mi. Baba Eléérú ni."

"Òun ni, Baba."

"Èmi kò lè rí ọ. Kí ni ẹ̀dá yẹn máa ń sọ?"

"Kì í sọ̀rọ̀, Baba."

"Kò ṣeé ṣe. Baba Eléérú ń sọ̀rọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Gbogbo wọn jókòó yí mi ká, wọ́n ń pariwo pé ó dé, ó dé, èmi sì ń gbọ́ ilẹ̀kùn tó ń dún. Sọ fún wọn kó sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré, kí n gbọ́ ọ kí n tó lọ."

Ohun tó gbé mi tọ olùdarí fíìmù lọ nìyẹn. Ọkùnrin kan tó máa ń jẹ èékánná ni, tó ń pè mí ní "ọmọ wa gíga" nítorí kò mọ orúkọ mi. Mo bá a níbi tó ti ń mu kọfí. Mo ní ẹ̀dá yìí gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo sọ ẹjọ́ Baba Eléérú fún un: pé ohun tó ń ba ọmọdé lẹ́rù nínú bédé kì í ṣe ọwọ́ gígùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò ṣeé dá lóhùn ni. Mo ní àwọn tó jogún rẹ̀ kàn jogún ara ni, wọn kò jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́, wọ́n ti di ẹran. Mo sọ ọ́ ní Faransé bàbá mi. Olùdarí yọ èékánná kúrò lẹ́nu, ó wò mí bí ẹni tí àga rẹ̀ fọhùn. Odile wà nítòsí, ó ní, "Òótọ́ ló sọ."

Wọ́n kọ ọ́ sínú apá tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀dá náà yóò dúró níwájú gbogbo ìlú, yóò sọ gbólóhùn kan kí wọ́n tó pa á: "Ẹ̀yin lẹ pè mí. Ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ kò mọ̀ mí." Olùdarí ní èmi ni kí n sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ ọ́n rìn. Mo pe ilé lójú ọ̀nà. Bàbá mi ní kí n sọ ọ́ kí òun gbọ́, mo ní rárá, kí ó dúró. Mo fẹ́ kó jẹ́ inú fíìmù ni yóò ti gbọ́ ọ. Òun náà gbà. Ó ní òun yóò pe àwọn ọmọ kíláàsì òun àtijọ́ tó wà ní Savalou, àwọn tó ti di àgbà, kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí àpèkọ ń ṣe fún ènìyàn.

Mo fi gbólóhùn náà ṣe àdúrà. Mo sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ ọ́ sínú ìkòkò, ó mọ́, ó dúró sàn-án.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò rò. Nígbà tí a bá lọ lo ìsinmi ní Lougba lọ́dọ̀ ìyá àgbà mi, eégún kan wà tí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn. Tí ó bá ń jáde, wọ́n á ti gbogbo àwa obìnrin mọ́ yàrá, ìyá àgbà á fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. A kò rí i rí. Ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ bó ṣe ń kọjá, ohùn tó ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun wá, tó há, tó ń ha bí òkúta tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Ẹni tó wà nínú aṣọ kì í lo ohùn tí ìyá rẹ̀ mọ̀. Kódà tó bá jẹ́ ọkọ rẹ ni, kò ní fi ohùn ọkọ rẹ kí ọ. Bí obìnrin bá mọ awo, kò gbọdọ̀ wí, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa kí a tó mọ ohun tí à ń pè ní awo.

Wọ́n gbé orí náà dé mi. Wọ́n dè é. Olùdarí ní ó yá. Mo la ẹnu láti sọ gbólóhùn mi ní ohùn ara mi, ẹnu mi kọ̀. Inú aṣọ ni mo wà. Ohun tó jáde ni ohùn tó máa ń kọjá lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá àgbà mi. N kò kọ́ ọ rí, n kò dán an wò rí. Ó jáde láti inú mi, Faransé ni ó ń sọ, gbogbo irun ara mi sì dìde nínú awọ yẹn. Ọkùnrin kan tó ń gbé iná dúró sún sẹ́yìn. Olùdarí ní kò ní sí àtúnṣe kankan, pé ohun tí òun ń wá nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀, Odile nu ojú mi, ó bi mí léèrè ibi tí mo ti rí ohùn yẹn. N kò sọ fún un. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, n kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Odile náà ló wá sọ fún mi, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn tó ni owó fíìmù gbọ́ ohùn náà, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n ní kò mọ́. Wọ́n ti mú obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò, ó ti tún un sọ, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu mi.

Mo lọ bá olùdarí. Mo ní, "Mo lè sọ ọ́ ní ohùn ara mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí."

Ó ní, "Ó ti parí. Má bínú. Kò sẹ́ni tí yóò mọ ìyàtọ̀."

"Bàbá mi yóò mọ̀ ọ́n."

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó wọ inú yàrá lọ. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ tẹ̀ lé e wọlé, láìkánjú, ọrùn sí òsì. Mo wọ bọ́ọ̀sì mi.

Mo pe ilé láti sọ òótọ́. Fóònù màmá mi kò lọ ní ọjọ́ náà, kò lọ ní ọjọ́ kejì. Iná kò sí ní àdúgbò wa lọ́jọ́ méjèèjì. Nígbà tí mo fi rí wọn bá sọ̀rọ̀, ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n ti wò ó tán. Ẹnìkan nínú àwọn ọmọ kíláàsì bàbá mi ló gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá wá sí pálọ̀ wa. Mo ń gbọ́ ohùn wọn, Isha àti Mahi àti Faransé, ẹ̀rín, ìró ife. Àárò ilé sọ mí. Bàbá mi gba fóònù.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní.

"Baba, ẹ jẹ́ kí n—"

"Jẹ́ kí n parí. Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ti yí i díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ó mọ́ kedere. Kò sí Isha níbẹ̀, kò sí Mahi níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí." Mo gbọ́ bó ṣe ń fa imú. Bàbá mi kò sunkún létí mi rí. "Mo ti ń rò pé iṣẹ́ mi ti ṣòfò. Pé mo fìyà jẹ ọ́ lásán nídìí oúnjẹ. Ọmọ mi, o ti wá ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn."

Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin ì bá wí.

Ó ní, "Àwọn kan wà níbí tí wọ́n ní kì í ṣe ìwọ. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa, pé òyìnbó ló sọ̀rọ̀. Mo ti ní kí màmá rẹ fi fóònù sórí ariwo. Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Mo dìde dúró nínú yàrá mi, bí mo ṣe máa ń dúró fún un. Mo sọ ọ́ ní ohùn ara mi, ohùn tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi: "Ẹ̀yin lẹ pè mí. Ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ kò mọ̀ mí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan sọ nǹkan ní Mahi. Màmá mi ní fóònù yìí ni kò dára.

"Rárá," bàbá mi ní. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lo ṣe sọ ọ́. Sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ níbẹ̀. Jọ̀wọ́."

N kò gbọ́ kí bàbá mi bẹ ẹnikẹ́ni rí. Mo ti gbọ́ obìnrin rédíò náà, Odile ti fi í hàn mí. Mo fa ètè pọ̀ bí i tirẹ̀. Mo gbé ohùn sí imú. Mo mú Lougba kúrò nínú rẹ̀, mo mú Savalou kúrò, mo mú bàbá mi fúnra rẹ̀ kúrò, mo sì sọ ọ́.

"Ẹ gbọ́?" Mo gbọ́ bó ṣe yíjú sí wọn, àga rẹ̀ dún. "Ẹ gbọ́ ọ báyìí? Ọmọ mi nìyẹn."